Ẹṣin Alágbára Tí Ń Fara Ti Ìjánu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ó bá sí ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba, ẹnu ẹṣin ni. Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gẹṣin wọ Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara aṣọ àti gàárì ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà. Díẹ̀ ni àwọn tí ń wo irin kékeré tí ó wà lẹ́nu ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ sì ni irin náà, àti ọwọ́ tí ó di okùn rẹ̀ mú, ni ó dúró láàrin àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà àti ẹṣin tí ìlù pẹ̀lú ìró ìbọn ti rú ọkàn rẹ̀ sókè.

Irú ẹṣin kan wà tí í máa dá ẹni tí ń gùn ún lágara. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan. Agbára ni ó pọ̀ lára rẹ̀. Bí a bá fa okùn ìjánu, kò ní dúró. Yóò tẹ orí sílẹ̀, yóò gbé ọrùn rẹ̀ lé irin náà, yóò sì máa wọ́ ẹlẹ́ṣin lọ títí apá rẹ̀ yóò fi kú. Èyí ni ẹṣin tí ń fara ti ìjánu. Ohun àkọ́kọ́ tí í máa wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kí wọ́n wá irin tí ó mú ju ti àná lọ. Àwa kò fara mọ́ èrò yìí, ìdí wa sì nìyí.

Láàrin eyín iwájú ẹṣin àti eyín ẹ̀yìn tí ó fi ń lọ koríko, àlàfo kan wà tí kò ní eyín. Ibẹ̀ ni irin ìjánu ń gbé, lórí ahọ́n àti lórí ẹran tínínrín tí ó bo egungun àgbọ̀n. Bákan náà, bí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bí 60 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú ń gbé. Bí ènìyàn bá wá jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a kò sì tíì kọ́ ọ láti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba ẹrù náà, iwájú ni gbogbo ìwúwo yóò ṣàn sí, ẹṣin yóò sì wá ohun tí yóò fi ara tì. Bí ẹlẹ́ṣin bá wá fa okùn le tí kò dẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ karùn-ún fún ẹṣin náà. Kò sí ẹni tí í fara ti ògiri tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kó irin mímú sí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹ̀rù lójú ẹṣin ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbẹ́ bá san, tí ojú rẹ̀ sì yi, irin náà kò ní jọ ọ́ lójú mọ́, a ó sì tún máa wá èyí tí ó mú jù ú lọ kiri.

Nítorí náà, kí a tó ra ìjánu tuntun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹṣin wò. Kí dókítà ẹranko wo ẹnu rẹ̀, nítorí eyín ẹ̀yìn a máa ní etí mímú tí ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí a wò ó bóyá gàárì ń ta á lẹ́yìn. Kí a wọn irin: ó yẹ kí ó yọ jáde díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì, ní nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Irin tó nípọn kì í sábà dunni bíi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ahọ́n ẹṣin bá sanra, irin tó nípọn kò ní rí àyè gbé.

Oríṣi ìjánu pọ̀, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí ìdílé méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, òrùka ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni a so okùn mọ́. Bí a ti fà á ni ẹnu ṣe ń gbà á. Nínú ti èkejì, irin náà ní apá tí ó gùn sísàlẹ̀, ó sì ní ẹ̀wọ̀n lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí a fi ń gbé òkúta yóò tètè mọ ohun tí ó ń ṣe: bí apá ìsàlẹ̀ bá gùn ní ìlọ́po méjì ti òkè, agbára tí ọwọ́ fà á yóò di ìlọ́po méjì lábẹ́ àgbọ̀n. Ìran kan náà ni ìjánu olórùka tí a mọ̀ ní Òkè Ọya, èyí tí òrùka rẹ̀ yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a máa dẹ okùn rẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ kan darí ẹṣin. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa fi fa ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìsì, ti kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní kí ẹlẹ́ṣin ní ìjánu méjì, ọ̀kan dídán, ọ̀kan tí ó le, ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì máa rọ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹṣin lè fi ẹnu di irin gbọọrọ mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní oríkèé yóò máa bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sì kìlọ̀ pé ní kété tí ẹṣin bá ti gbọ́ràn, kí a dẹ okùn fún un.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò títí di òní. Ìjánu tí ó bá ẹṣin wa yìí mu ni èyí tí ó ní oríkèé méjì láàrin, tí òrùka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń yí fàlàlà, kí ẹṣin má baà rí ibi gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹlẹ́ṣin fà, kí ó sì dẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Kí ó mú un rìn, kí ó mú un sáré díẹ̀, kí ó tún mú un rìn. Kí ó máa yí i po ní òbìrí. Kí ó mú un fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báyìí ni ìwúwo yóò ṣe padà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ọjọ́ tí ẹṣin bá fẹ́ ya wọ àárín èrò ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni, nítorí ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a lè lo ìjánu elápá tí ó ní okùn méjì: kí a fi ti òkè darí ẹṣin, kí ti ìsàlẹ̀ wà ní ìpamọ́ fún ewu nìkan. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a kò kọ́ nílé kò ní gbọ́ ti ìjánu kankan lójú agbo.

Olùkọ́ tí ó ń na ọmọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ náà ti mọ pàṣán lára. Aṣáájú ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ju kí ó pàṣẹ kí ó sì halẹ̀ yóò rí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti gbé gbogbo ẹrù lé òun lọ́rùn, wọn kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kan bí a kò bá fà wọ́n. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu; wọn kò ní kí ẹlòmíràn bá a fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ óò gẹṣin ní Iléyá tí ń bọ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ẹ tó wá irin lọ sí ọjà. Ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ wọn ẹnu ẹṣin yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ ara yín láti máa dẹ okùn.