Wáàtì mélòó ló tó fún báfù inú ilé?

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn tí a bá ta òwú tàbí àgbàdo tán, àwọn mìíràn nínú wa máa ń ra àńpílì àti báfù, kí wọ́n lè gbádùn orin àti fíìmù nílé. Owó ńlá ni. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń rà, kí owó wa má bàa ṣòfò, kí etí wa má sì bàjẹ́.

Kí ni àńpílì ń ṣe?
Ohùn tó ń jáde látinú fóònù tàbí ẹ̀rọ DVD kò lágbára tó láti mi báfù ńlá. Àńpílì ló ń fún un lágbára. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára náà. Desíbẹ̀lì (dB) ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó.

Ṣé wáàtì 100 ń dún ní ìlọ́po méjì ti 50?
Rárá. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, desíbẹ̀lì 3 péré ló fi lé. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 10. Bí a bá kọ 88 dB sára báfù, wáàtì 1 péré máa fún ẹni tó wà ní mítà 1 sí i ní desíbẹ̀lì 88. Wáàtì 10 á fún un ní 98. Nítorí náà, wáàtì 30 sí 50 tó fún yàrá kékeré.

Ẹ má ṣe yí àńpílì kékeré dé òpin. Bí ohùn bá ń ha, tí ọ̀rọ̀ kò mọ́ gaara, ẹ yí i wálẹ̀ kíákíá, kí báfù má bàa jóná. Ẹ wo óòmù pẹ̀lú: ti báfù kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí a kọ sẹ́yìn àńpílì.

Etí wa ńkọ́?
Àwọn irun tíntìntín wà nínú etí tó ń gba ohùn. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ desíbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ju 75 lọ fún wákàtí 40. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn olùkọ́ dáadáa, wọ́n lè pè é ní olórí kunkun, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé ó ti pọ̀jù?
1. Bí a bá ní láti kígbe kí ẹni tó wà nítòsí wa tó gbọ́ wa.
2. Bí etí bá ń kùn lẹ́yìn tí a pa ẹ̀rọ náà.

Kí ni ká ṣe?
Ẹ yí ohùn wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó síwájú báfù. Ẹ sinmi díẹ̀ láàárín. Bí etí kò bá yé kùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò: nínú ilé yín, ta ló ń jókòó sún mọ́ báfù jù?