Ilojo Bar: Òfin wà, ilé wó!

Ẹ̀yin ará Èkó àtijọ́, ẹ ò ní ṣàìrántí Ilojo Bar, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà tó wà ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bíi 1855, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya, bàbá Victor Olaiya olórin háílàìfù, rà á. Nígbà tó di 1956, ìjọba ní ohun àjogúnbá gbogbo ìlú ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í rẹ́ ògiri o! Òjò ń pa á, ògiri ń sán, wọ́n ń wò ó níran. Àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, September 11, 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, ni wọ́n bá wó o palẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ọlidé dé, òkìtì àlàpà ló kù.