Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n àti abọ́ ọṣẹ
Irun badger (ẹranko igbó kan), igi, tánganran. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Omi gbígbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ búrọ́ọ̀ṣì yìí sí kí irun rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n á gbọn omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá máa yí i lórí ọṣẹ inú abọ́. Omi ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ìfófó ọṣẹ á ti parẹ́ kí abẹ tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá kéré jù, ọṣẹ á gbẹ mọ́ irùngbọ̀n. Èyí tó dára máa ń ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, á sì máa dán. Oníkánjú kì í rí i ṣe.

Ẹ wo irun náà láti ẹ̀gbẹ́: orí rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ dúdú. Bí Ọlọ́run ṣe dá badger nìyẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí irun yìí wọ́n, àwọn kan ń pa irun ẹṣin láró kó lè jọ ọ́. Àwọn irun ẹṣin tí wọn kò fọ àrùn kúrò lára wọn kó àrùn anthrax ran àwọn tó ń fá irùngbọ̀n, àwọn mìíràn sì kú. Nítorí èyí, ní 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n wọlé láti Japan, níbi tí àwọn kan lára àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó ní àrùn náà ti wá.