Éékà: ọ̀rọ̀ tó ti ẹ̀yìn màlúù wá

"Éékà mélòó lo dá lọ́dún yìí?" Báyìí ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bi ara wọn lóde òní. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé nígbà àwọn bàbá wa, ebè ni wọ́n ń kà. Igba, igba ni wọ́n ń kà á fún alágbàṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni éékà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọ́fíìsì ló ti ṣẹ̀. Oko ni ìtumọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi pe ìwọ̀n ilẹ̀ tí màlúù méjì tí a so àjàgà mọ́ lọ́rùn lè tú láàárín ọjọ́ kan. Nítorí pé wàhálà ni láti yí màlúù padà, poro gígùn ni wọ́n ń tú: 220 yáàdì ní gígùn, 22 yáàdì ní ìbú. Ibẹ̀ ni 4,840 yáàdì tí a ń pè ní éékà kan ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni òfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí ìwọ̀n náà múlẹ̀. Àwọn fi agbára màlúù wọn ilẹ̀, àwa fi agbára ọkọ́ wọn tiwa. Mi ò rí èwo ló gbọ́n ju èkejì lọ.

Bí ebè kan bá jìnnà sí èkejì ní mítà kan, éékà kan yóò gba nǹkan bí ẹgbàajì ebè, ìyẹn igba lọ́nà ogún. Hẹ́kítà tí ìjọba ń kọ sínú ìwé ní tirẹ̀ yóò gba ẹgbàárùn-ún, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀.

Ibi tó ti ń di owó nìyí. Mo ti san owó éékà mẹ́ta rí fún oníkatakata kan. Nígbà tí a fi okùn wọ̀n ọ́n, kò pé méjì àbọ̀. Oníkatakata náà kò jiyàn. Ó ní éékà tòun nìyẹn! Ẹ gé okùn 70 yáàdì. Bí ilẹ̀ bá gùn tó okùn náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, éékà kan ni, ó lé díẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá dọ́gba, ẹ fi ìbú rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó tó 4,840.

Ti oògùn tí ń pa koríko tún burú jù. Ìwọ̀n hẹ́kítà ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ike rẹ̀. Ẹni tó bá da oògùn hẹ́kítà kan sórí éékà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìlọ́po méjì àbọ̀ sí i. Ewé àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, onítọ̀hún á ní òjò ni kò rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé ka ara ike náà fún yín kí ẹ tó po oògùn. Bó bá rí "ha" níbẹ̀, hẹ́kítà ni, kì í ṣe éékà.