Owó Tí Ẹsẹ̀ Ń Bá Ẹnu Tọrọ

Láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ dànù ní oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, ó ṣọ̀wọ́n kí òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé èrò kóra jọ sínú ọgbà ìtura kan láti sáré nítorí àánú. Òtútù yóò mú débi pé èémí ẹnu wọn ń yọ bí èéfín, síbẹ̀ ṣòkòtò péńpé ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Ìyá wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn; olúkúlùkù fi pín-ìn-nì kan ìwé tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí mọ́ àyà. Kìlómítà márùn-ún ni wọn yóò sá, ẹni tí kò bá lè sá a yóò rìn ín, wọn yóò sì padà sílé láìgba ife ẹ̀yẹ tàbí owó. Àwọn gan-an ni wọ́n tilẹ̀ sanwó kí wọ́n tó forúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ń bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn pé kí wọ́n torí eré náà dá owó fún ẹgbẹ́ aláàánú kan. Ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè pé: bí ó bá jẹ́ owó ni àwọn aláìsàn ń fẹ́, kí ló kan eré sísá? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń mú owó náà wá, ẹnu tí ó tọrọ ni; ṣùgbọ́n bí kò bá sí ti ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹnu kò ní í lè là.

Owó títọrọ kì í ṣe ohun kékeré. Láàárín tiwa, ẹni tí ó ń tọrọ fún ara rẹ̀ ni à ń pè ní alágbe. Ẹni tí ó bá sì ní òun ń tọrọ fún ẹlòmíràn, ojú ìfura la fi ń wò ó, pé ta ni ó mọ iye tí yóò yà sí àpò tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ lásán pé kí ó mú pọ́n-ùn mẹ́wàá wá fún àwọn aláìsàn tí kò mọ̀ rí, ojú yóò ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun fẹ́ jí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí òun sáré nínú òtútù nítorí àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdógò. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tí ó wá kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ jókòó kí àwọn ẹlòmíràn máa náwó.

Ìtàn Terry Fox, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, fi èyí hàn kedere. Ní 1977, kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, jẹjẹrẹ eegun mú un ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1980, ó gbéra láti St. John's ní erékùṣù Newfoundland, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, pé ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan ni òun yóò fi sáré la Kánádà já, kí àwọn ènìyàn lè dá owó fún ìwádìí lórí jẹjẹrẹ. Nǹkan bí kìlómítà 42 ni ó fẹ́ máa sá lójúmọ́. Ẹ̀fúùfù líle, òjò àti yìnyín ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, àwọn tí ó sì jáde wá wò ó kò tó nǹkan. Nígbà tí ó dé Port aux Basques, ìlú kékeré tí ó ní nǹkan bí 10,000 olùgbé, àwọn ará ibẹ̀ gbé owó tí ó ju 10,000 dọ́là lọ fún un, bí ẹni pé olúkúlùkù dá dọ́là kọ̀ọ̀kan. Nígbẹ̀yìn, dọ́là kan lórí ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílíọ̀nù 24, ni ó sọ pé òun ń wá. Ó sáré fún ọjọ́ 143, ó ti sá kìlómítà 5,373, kí ó tó di dandan fún un láti dúró nítòsí Thunder Bay ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, nítorí àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹfà 1981, ní ọmọ ọdún 22. Ṣùgbọ́n owó náà ti kọjá mílíọ̀nù 24 kí ó tó kú. Jẹjẹrẹ ti wà ní Kánádà kí wọ́n tó bí i, àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ náà sì ti ń wá owó tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan jáde sójú títì.

Nígbà tí wọ́n sá eré ìrántí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1981, 300,000 ènìyàn ló kópa, wọ́n sì rí mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ kó jọ. Kò sí owó ìwọlé, kò sí ipò kìíní tàbí ìkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Race for Life tí Cancer Research UK ń gbé kalẹ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní Battersea Park pẹ̀lú obìnrin 680. Owó tí eré náà ti mú wọlé láti ìgbà náà ti ju 900 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti mọ ohun tí ó ń mú kí eré fa owó jáde bẹ́ẹ̀. Ní 2013, Christopher Olivola àti Eldar Shafir gbé ìwádìí kan jáde tí ó bọ́ sí ojú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ṣe tán láti dá owó púpọ̀ sí i bí ọ̀nà tí wọn yóò gbà kó o jọ bá ní ìnira nínú, bí eré máìlì márùn-ún, ju bí ó bá jẹ́ àpèjẹ lórí pápá. Omi dídì pàápàá wà lára ohun tí wọ́n fi dán wọn wò, kí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀ kí ó sì dùn wọ́n. Àbájáde náà sì lágbára jù níbi tí owó náà bá ti jẹ́ fún àwọn tí ìyà ń jẹ, kì í ṣe fún ohun ìgbádùn. Àwa tí a mọ ayẹyẹ ìkówójọ tí wọ́n ń fi ìlù àti oríkì fa owó jáde lápò ọlọ́lá lè jiyàn pé àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò tíì dé òde wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń gba owó ńlá lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Eré yìí ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í kì. Bí owó kékeré náà ṣe ń di púpọ̀ tún ní àlàyé tirẹ̀: Sarah Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bristol yẹ ojú ewé ìdáwó àwọn sárésáré wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i pé bí ìpíndọ́gba ohun tí àwọn aṣáájú dá bá fi pọ́n-ùn mẹ́wàá ga sí i, ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn yóò fi nǹkan bí pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ kún tirẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àní nígbà tí ojú náà jẹ́ ti ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò ní kí ń dúró ná. Àgọ́, ilé ìyàgbẹ́ alágbèéká, ọkọ̀ aláìsàn, àti mẹ́dà tí wọn yóò gbé kọ́ ọrùn olúkúlùkù, owó ni gbogbo wọn. Ṣé kò sàn kí kálukú fi owó ìforúkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, kí ó sì padà sórí ibùsùn? Bí ó bá jẹ́ pé sárésáré nìkan ni yóò dá owó, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ká ní ó san pọ́n-ùn 15, tí ènìyàn mẹ́wàá tí ó bẹ̀ sì dá pọ́n-ùn mẹ́wàá-mẹ́wàá: ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìyẹn, ìjọba yóò sì tún fi pọ́n-ùn 25 lé e lábẹ́ ètò Gift Aid bí àwọn olùdáwó náà bá ń san owó orí. Àwọn mẹ́wàá wọ̀nyẹn, ta ni ìbá bẹ̀ wọ́n bí ẹni náà bá sùn? Mo gbà pé àwọn eré kan wà tí owó ìwọlé wọn ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣètò rẹ̀, kì í ṣe sọ́dọ̀ aláìsàn kankan, ó sì yẹ kí ènìyàn béèrè kí ó tó sanwó. Mẹ́dà ní tirẹ̀, n kò rí ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Àtakò tí ó jinlẹ̀ jù lọ wá láti ilé ìjọsìn. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣe àánú. Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Baqarah, sọ pé ìtọrẹ gbangba dára, ṣùgbọ́n èyí tí a fi pamọ́ sàn jù. Báwo wá ni aṣọ aláwọ̀ mèremère àti fọ́tò lórí Facebook ṣe bá ìyẹn mu? Ó yẹ ká ya ẹni tí ó dá owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó tọrọ rẹ̀. Olùdáwó lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ lórí ojú ewé ìdáwó, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń tọrọ fún ẹlòmíràn ni kò lè fara pamọ́, nítorí bí ó bá dákẹ́, kò sí ohun tí yóò wọlé. Èmi kò ní í pe gbogbo olùdáwó ní ẹni mímọ́ o: ìwádìí kan ní 2015 fi hàn pé bí ọkùnrin kan bá ti dá owó ńlá fún arẹwà obìnrin tí ó ń sáré, àwọn ọkùnrin tí ó tẹ̀ lé e máa ń fẹ́ fi tiwọn borí tirẹ̀. Jẹjẹrẹ kò béèrè ìdí tí owó fi wọlé.

Òtútù ńkọ́? Ó bá eré lára mu ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí ara ń jó ló ń di ooru, nítorí náà ẹni tí òtútù ń gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ lè máa làágùn kó tó sá kìlómítà kejì. Ìgbà tí ó bá dúró ni kí ó ṣọ́ra. Ooru inú ara ń lọ sílẹ̀, aṣọ òwú tí ó ti mu òógùn yóò máa fa ìyókù jáde. Ìdí nìyẹn tí aṣọ gbígbẹ fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń mú ọ̀nà èémí àti òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Fún ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, òtútù, òùngbẹ àti làálàá wà lára ohun tí ó lè gbé ìrora dìde. Nǹkan bí 17,000 ènìyàn ló ní in ní England, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Karibíánì. Láti 1979 sì ni Sickle Cell Society ti ń jà fún wọn níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń torí wọn sáré gan-an ni òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá dùbúlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń bá wọn wọ inú òtútù náà.

Nílé tiwa, a ní àáró, a ní ọ̀wẹ̀, a ní owó àdájọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ̀, tí òun náà lè ṣe tiwa lọ́la, la sábà máa ń ṣe é fún. Aláìsàn tí kò lẹ́nìkan ló ń gbé àwòrán ara rẹ̀ àti gbohùngbohùn kiri ibùdókọ̀ ní Èkó. Ẹsẹ̀ tí ó lè sáré pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, òtútù ọyẹ́ kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìfura ló lè dá a dúró. Ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni lè wo orúkọ ẹgbẹ́ aláàánú tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dọ̀ Charity Commission, ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ bá sì ju 25,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ fi ìṣirò owó rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú eré yìí sílẹ̀ nílé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí ó lẹ iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde àti orúkọ ilé ìwòsàn tí ó gbà á mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí ó tó pe àwọn ènìyàn sí eré ọdún kejì.