Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó gé aṣọ ìbora

Nígbà tí ìyá wa papòdà, àwa ọmọ pín aṣọ tó fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ìró tó ti gbó, tí kò sẹ́ni tó lè ró wọn jáde mọ́, a kó wọn jọ sójú kan. Àbúrò wa obìnrin ló ní ká má ṣe sọ wọ́n nù. Ó ní kí á kó wọn fún aránṣọ kó gé wọn ní ègé-ègé, kó sì rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí bàbá wa yóò máa fi bora lóru.

Àdúgbò Ìlo-Awela, nítòsí Tógéètì ní Ọ̀tà, la kó o lọ. Lọ́dún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ fòpin sí gbígba owó ibodè lójú títì márosẹ̀ nígbà náà, síbẹ̀ Tógéètì làwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibẹ̀. Aránṣọ bi wá pé báwo ni bẹ́ẹ̀dì bàbá ṣe tóbi tó. A ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 ni. Ó gbọ́, ó gé e, ó rán an, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, òkè fóòmù nìkan ló bò. Bí bàbá bá fà á bo àyà, ẹsẹ̀ wọn á wà níta. Bí wọ́n bá yí padà, òtútù á gba ẹ̀yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ aṣọ ìyá wa ti di gígé, kò sì sí òmíràn.

Aránṣọ kò jẹ̀bi o. Àwa la sọ ìwọ̀n fóòmù fún un, a ò sọ ìwọ̀n aṣọ ìbora. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á kọ èyí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ní aṣọ àtijọ́ nínú àpótí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ní àṣà àjèjì. Ẹ wo aṣọ eégún wa, ègé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n ń rán pọ̀, tí àwọn ará ilé sì máa ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Lókè òkun náà, ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, fi aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó rán aṣọ ìbora nítorí òtútù. Lọ́dún 2002, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú Houston. Nígbà tó di 2006, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù. Àkísà lásán kọ́ ni àkísà tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìṣirò. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó fi téèpù wọ̀n: bí fóòmù ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó, àti bó ṣe ga tó. Ẹ̀kẹta yìí la gbàgbé. Fóòmù bàbá wa fẹ̀ ní ínǹṣì 48, ó gùn ní ínǹṣì 72, ó sì ga ní ínǹṣì 10. Aṣọ ní láti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Nítorí náà, 48, kí a fi 10 kún un, kí a tún fi 10 kún un, ó di 68. Ní ti gígùn, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan ni aṣọ ti ń wálẹ̀, kì í wálẹ̀ níbi orí. Nítorí náà, 72 àti 10, ó di 82.

Ẹ má tíì gé e o. Aṣọ òwú máa ń súnkì bí omi bá kàn án, abẹ́rẹ́ tí a sì ń rán kọjá lórí aṣọ onípele náà máa ń fà á jọ. Ẹ fi ínǹṣì 4 kún fífẹ̀, kí ẹ fi 4 kún gígùn. Ó di 72 sí 86. Bí bẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ 4 ààbọ̀ sí 6, tí fóòmù rẹ̀ ga bákan náà, aṣọ yóò jẹ́ 78 sí 86. Èyí tí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì ń pè ní síìsì-báì-síìsì yóò gba 96 sí 86. Ẹ ṣàkíyèsí pé fífẹ̀ rẹ̀ ti ju gígùn lọ, kí ẹ má baà tẹ́ ẹ sódì.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ìyá wa ti mọ ìwọ̀n yìí tipẹ́. Ìró adìrẹ ayé àtijọ́, aṣọ méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì 2 ààbọ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ínǹṣì 36. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó tó 72 sí 90. Ìró tí ìyá ń ró lọ sọ́jà lọ́sàn-án, òun náà ló ń fi bora lálẹ́, ó sì ń tó o. Ká ní a tẹ́ ọ̀kan nínú ìró ìyá wa sórí bẹ́ẹ̀dì kí a tó mú alùmọ́gàjí ni, ìṣòro ì bá ti tán.

Ẹ wo ẹni tó máa sùn síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tó máa ń dìde lóru, ẹ má jẹ́ kí aṣọ náà kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ lè kọ́ ọ nínú òkùnkùn, ìṣubú àgbà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó kù ní ínǹṣì 6, ó kéré tán, kó tó dé ilẹ̀. Aṣọ tó tóbi jù tún máa ń wúwo bí ọmọ òkúta tó bá mumi, ta ni yóò fún un? Bàbá tó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà ọyẹ́, èyí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó gùn ní 4, tó o láti bo itan dé ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ńkọ́? Àwọn dókítà ní kí á má ṣe fi aṣọ ìbora tó nípọn bò ó bó bá ń sùn, nítorí ó lè dí i nímú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un kó máa ṣeré lórí rẹ̀, lójú yín.

Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀n, ègé kò ní ṣòro láti kà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bá jẹ́ ínǹṣì 12 lẹ́yìn rírán, ẹ gé e ní 13, torí ààbọ̀ ínǹṣì ń bọ́ sínú ojú rírán lápá kọ̀ọ̀kan. Ègé 6 ní ìbú, 7 ní òòró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Ó di 72 sí 84. Ẹ fi aṣọ ínǹṣì kan yí etí rẹ̀ ká, ó di 74 sí 86. Kí ẹ tó gé e, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sì fọ adìrẹ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe pa aṣọ òfì tó nípọn pọ̀ mọ́ áńkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí èyí tó wúwo á fa èyí tó fúyẹ́ ya.

Tiwa ńkọ́? A lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, a ra adìrẹ. Aránṣọ kan náà fi ínǹṣì 12 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi 14 kún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ó di 72 sí 86. Ìró ìyá wa wà láàárín, adìrẹ tuntun yí i ká. Nígbà tí bàbá fi bora lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tán, wọ́n ní ó tó. Wọ́n wá fọwọ́ kan ègé kan, wọ́n ní èyí ni ìyá wa ró lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àkọ́bí lórúkọ. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní àkísà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì, ẹ wọn fóòmù, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e.