Jẹjẹrẹ Tí Ń Rìn Jẹ́jẹ́

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé Alhaja kan wà ní Fate, ní ìlú Ìlọrin, tí ó ń ṣe àlùwàlá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan kókó kan ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Kókó náà kò dùn ún rárá, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì. Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, dókítà sì ní jẹjẹrẹ ni, irú tí wọ́n ń pè ní límfómà, ṣùgbọ́n èyí tí kì í yára. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó ya gbogbo ilé lẹ́nu: ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a kò ní í fún yín ní oògùn kankan nísinsìnyí.

Mo mọ ohun tí ẹbí yóò wí. Wọn yóò ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí á lọ sùn. Ṣùgbọ́n dókítà kò jẹ̀bi. Follicular lymphoma, tí ó wọ́pọ̀ jù nínú irú èyí, lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ni ín lára, a kò sì tíì rí i pé oògùn tí a tètè lò ń fi kún ẹ̀mí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le.

Èyí tí ó yára ni ó rọrùn láti ṣẹ́gun! Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù, wà lára àwọn tí ó fi oògùn bá Burkitt jà, èyí tí ń wú àwọn ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì bá àwọn mìíràn pín ẹ̀bùn Lasker ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1972. Èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́ ni ó ń sá pamọ́, tí ó sì ń padà wá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi so oògùn pọ̀. Rituximab, tí Amẹ́ríkà fún ní àṣẹ ní ọdún 1997, ni àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó di jẹjẹrẹ yìí ní àmì lára, bí ẹni tí ó kọ ilà. Rituximab a lẹ̀ mọ́ àmì náà, kí àwọn ọmọ ogun inú ara wa lè mọ ẹni tí wọn yóò mú. Bí àwọn ọmọ ogun bá ń sùn ńkọ́? Lenalidomide, oògùn tí à ń gbé mì, ni ó ń jí wọn.

Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 358 tí àìsàn wọn ti padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Gbogbo wọn gba rituximab. Apá kan fi lenalidomide kún un, apá kejì gbé hóró tí kò ní oògùn nínú mì. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀. Ẹ má pè é ní ẹ̀tàn o, wọ́n ti ṣàlàyé fún olúkúlùkù kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Èsì jáde ní ọdún 2019: kí àìsàn tó tún gbérí lára ìdajì àwọn tí ó lo ọ̀kan, oṣù 14 ni, lára àwọn tí ó lo méjèèjì, oṣù 39.

Ní ìparí ọdún 2024, èsì mìíràn jáde, lára ènìyàn 548. Wọ́n fi ẹ̀kẹta, tafasitamab, tí ń wá àmì mìíràn, kún méjèèjì: oṣù 14 di 22. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí méjèèjì fi mú oṣù 39 wá lọ́hùn-ún, tí ó jẹ́ 14 níbí. Ìdánwò kejì gba àwọn tí rituximab kò ràn mọ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi wọ́n wé ara wọn.

Ewu wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ funfun ìdajì àwọn tí ó lo méjèèjì ni ó lọ sílẹ̀ gidigidi; bí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ni kí á sáré lọ lóru ọjọ́ náà. Lenalidomide sì jẹ́ ìbátan thalidomide, tí ó sọ àwọn ọmọ inú oyún di aláàbọ̀ ara kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 1961. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Ọ̀kan kù, ó sì kàn wá jù. Rituximab lè jí hẹpatáítìsì B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, tí ó ti ń sùn lára ènìyàn láìmọ̀. Kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ náà kan Alhaja, kí àwọn ọmọ rẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún un.